Bí A Ṣe Ń Ṣàyẹ̀wò Àwọn Ẹ̀dá Kéékèèké Inú Odò Lẹ́yìn Tí Májèlé Bá Dà Sí I

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2013, àwọn olùyọ̀ǹda tó ń ṣọ́ odò Kennet ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ki àwọ̀n bọ inú omi nísàlẹ̀ ìlú Marlborough, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe déédéé. Níbi tí edé kéékèèké àti ìdin kòkòrò ti máa ń pọ̀ lọ súà, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni àwọ̀n gbé jáde. Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọpa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé chlorpyrifos, tí í ṣe oògùn apakòkòrò, ló gba inú ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ìlú náà wọ odò. Nǹkan bíi kìlómítà 15 ni májèlé yìí fi run àwọn ẹ̀dá kéékèèké ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkú ẹja kò léfòó sójú omi kí ẹni tó ń kọjá lórí afárá lè fura. Àwọn tó ń ka kòkòrò ló mọ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò, tàbí òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá tí a ń sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn tí ojúyòójú sì lè rí: ìdin kòkòrò, edé, ìṣáwùrú, eṣúṣú, ekòló omi àti irú wọn. Ìdí tí a fi ń wò wọ́n ni pé májèlé tó bá dà sínú odò tó ń ṣàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bu omi sínú ìgò lọ́jọ́ kẹta lè má bá nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n edé tó wà lábẹ́ òkúta níbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ nígbà tí májèlé ń kọjá. Ara rẹ̀ ni àkọsílẹ̀.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi

Ìfitónilétí ló ṣáájú àwọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà tí Environment Agency yà sọ́tọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ni 0800 80 70 60, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń gbé e. Ẹ sọ orúkọ odò, ibi tí ẹ dúró sí gan-an, aago tí ẹ débẹ̀, àwọ̀ omi, òórùn rẹ̀, àti ohun tí ẹ rí tó kú tàbí tó ń kú. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀rí yóò pé lọ́wọ́ yín, nítorí wákàtí díẹ̀ tí ẹ bá fi ṣòfò lè jẹ́ wákàtí tí májèlé fi jáde kúrò ní agbègbè tí wọ́n ti lè bu ú. Ní Nàìjíríà, NESREA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbàyíkájẹ́ báyìí, àfi tí ó bá jẹ́ epo rọ̀bì, nítorí NOSDRA ló ni ti èyí.

Ẹ má wọ odò títí àwọn aláṣẹ yóò fi sọ pé kò léwu. Oògùn apakòkòrò irú chlorpyrifos ń di iṣẹ́ iṣan ara lọ́wọ́, kì í sì í ṣe iṣan kòkòrò nìkan. Nígbà tí wọ́n bá yọ̀ǹda, ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga dé itan àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bo ojú ọgbẹ́ èyíkéyìí, ẹ má ṣe dá lọ, ẹ má sì wọ ibi tí omi bá ti ga ju orúnkún lọ tàbí tó ń sáré jù. Ìtọ̀ eku inú odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé àrùn leptospirosis wá. Ní ilé wa, àtọ̀sí ajá ni kí a máa rò, nítorí ìdin àrùn náà máa ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé láti inú omi tí ìṣáwùrú rẹ̀ bá wà. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà wọ odò ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí omi náà mọ́ tó.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ etí odò náà pẹ̀lú.

Yíyan ojú ibi tí ẹ ó ti kó ẹ̀dá

Níbí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti máa ń bàjẹ́, àwọ̀n tó dára jù lọ láyé kò sì lè tún un ṣe. Kíka iye ẹ̀dá tó wà nísàlẹ̀ ibi tí májèlé wọlé kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, àfi tí a bá mọ iye tí ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì la fi ń mọ̀ ọ́n. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, bí irú èyí tí àwọn ará Kennet ní. Èkejì ni ojú ibi àfiwéra, èyíinì ni ibì kan lápá òkè odò, ṣáájú ibi tí májèlé gbà wọlé, tí omi, ilẹ̀ àti ewéko rẹ̀ jọ ti ìsàlẹ̀.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ yan ojú ibi àfiwéra méjì, nítorí pé ibì kan ṣoṣo lè ní àléébù tirẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Nísàlẹ̀, ẹ yan ó kéré tán mẹ́rin: ọ̀kan nítòsí ẹnu ibi tí májèlé gbà wọlé, ọ̀kan ní nǹkan bíi kìlómítà kan, ọ̀kan ní kìlómítà márùn-ún, àti ọ̀kan tó jìnnà débi tí ẹ lérò pé agbára rẹ̀ ti ń tán. Bí ẹ bá ṣì ń rí òkú ní ibi tó jìnnà jù lọ, ẹ tún máa lọ sísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí odò mìíràn bá ti ya wọ inú odò yín, nítorí omi tuntun ń dín agbára májèlé kù, ó sì lè gbé àwọn ẹ̀dá mìíràn wá tí yóò jẹ́ kí ẹ rò pé ara odò ti ń yá.

Gbogbo ojú ibi wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jọra. Ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni ẹ̀dá ti máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ má fi ibi tó ní òkúta lókè wé ibi ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ sì wá sọ pé májèlé ló jẹ́ kí ìdin dín kù. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ kọ ìbú omi, bó ṣe ń sáré sí, irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àti bí ewéko ṣe bò ó tó. Ẹ wọn ìgbóná omi àti ọ́síjìn inú rẹ̀ bí ẹ bá ní ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohun èlò

Ẹ nílò àwọ̀n onígi tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan tàbí kéré díẹ̀ sí i, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwo pẹrẹsẹ funfun, ṣíbí àti ẹ̀mú rírọ̀, dígí tó ń mú nǹkan tóbi, aago, ìgò, àti ìwé tí omi kò lè bàjẹ́. Fún títọ́jú òkú ẹ̀dá, ẹ lo ẹ́tánọ́ọ̀lù tó lágbára tó ìdá 70 nínú 100 ó kéré tán. Ògógóró kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹran ara ẹ̀dá yóò sì jẹrà nínú rẹ̀.

Ẹ ya àwọ̀n ojú ibi àfiwéra sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀n ibi tí májèlé dé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè níbi tó mọ́, kí ẹ tó wá sísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì sá a kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ sí odò mìíràn, nítorí àrùn tó ń pa alákàṣà odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bá àwọ̀n tútù rìn.

Bí a ṣe ń kó wọn

Ẹ dúró kí ẹ kọjú sí ibi tí omi ń ṣàn lọ, ẹ fi ẹnu àwọ̀n kan ilẹ̀ níwájú yín, kí omi lè máa gba ẹsẹ̀ yín kọjá wọ inú rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ru òkúta ilẹ̀ sókè bí ẹni ń tẹ iyanrìn kiri, kí àwọn tó sá pamọ́ lábẹ́ rẹ̀ lè bá omi wọ inú àwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gan-an ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má sì ka àkókò tí ẹ fi ń rìn láti ibì kan sí ibòmíràn mọ́ ọn. Ẹ pín ìṣẹ́jú mẹ́ta náà gẹ́gẹ́ bí odò ṣe rí: bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ìyókù jẹ́ ewéko, ìṣẹ́jú méjì jẹ́ ti òkúta, ọ̀kan jẹ́ ti ewéko. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìṣẹ́jú kan ṣí àwọn òkúta ńlá pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì mú àwọn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa lọ sókè, kí ẹ má bàa máa da ibi tí ẹ kò tíì dé rú.

Gbogbo ohun tí ẹ rí nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yìí ni a ó máa pè ní ìkó kan. Ìkó mẹ́ta ni kí ẹ kó ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀dá odò kì í tẹ́ káàkiri bákan náà. Ẹni tó bá kó ẹyọ kan lókè, tó tún kó ẹyọ kan nísàlẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tó rí jẹ́ ti májèlé tàbí ti orí-ire.

Alààyè, òkú, àti ẹni tó wà láàárín

Tí ó bá jẹ́ pé kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí májèlé dà, ẹ má da ẹ́tánọ́ọ̀lù lé ìkó yín lójú ẹsẹ̀. Inú àwo funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ dà á sí pẹ̀lú omi odò díẹ̀ láti ojú ibi àfiwéra, kí ẹ sì wò ó fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ ìbòòji. Ẹ kọ iye tó ń rìn, iye tó ń gbọ̀n tàbí tó ń fa ara pọ̀ láìlè rìn, àti iye tó ti kú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Gbígbọ̀n yìí ṣe pàtàkì, nítorí ó máa ń tọ́ka sí májèlé tó ń bá iṣan jà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè ṣi edé Gammarus wò níbí. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀dá yìí fi ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá le koko, nítorí náà dídùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ ni àmì ikú. Ẹ rọra fi orí ẹ̀mú kàn án: èyí tó bá ta kúrò ń bẹ láàyè, èyí tó bá kàn ń mi ẹsẹ̀ láìlè kúrò lójú kan ti ń kú lọ. Bákan náà, awọ tí ìdin bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń dàgbà kì í ṣe òkú. Awọ a máa ṣófo, ìmọ́lẹ̀ a sì máa gbà á kọjá.

Ẹ kó òkú díẹ̀ lọ́tọ̀ fún ilé àyẹ̀wò kẹ́míkà. Inú ìgò onígíláàsì ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì gbé wọn sínú yìnyín kíákíá láìda ẹ́tánọ́ọ̀lù sí i. Ẹ bu ẹrẹ̀ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú, nítorí chlorpyrifos máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nínú omi. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi àti orúkọ ẹni tó kó o sára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ìgò bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láìsí èyí, agbẹjọ́rò ẹni tó da májèlé yóò fọ́ ẹ̀rí náà yángá.

Kíkà àti fífún ní máàkì

Ètò tí àwọn olùyọ̀ǹda ń lò ní Britain, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ARMI, kò gba kí ènìyàn mọ ju ẹ̀yà mẹ́jọ lọ (caddis, mayfly àti stonefly inú wọn jẹ́ kòkòrò abìyẹ́ tí ìdin wọn ń gbé inú omi): ìdin caddis tó ń fi òkúta tàbí igi kọ́ ilé sára, ìdin caddis tí kò nílé, ìdin mayfly ńlá tí ń jẹ́ Ephemera, ìdin mayfly kékeré tí ń jẹ́ blue-winged olive, ìdin mayfly pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, àwọn mayfly yòókù tí wọ́n ń pè ní olive, tó jẹ́ ìdílé Baetidae, ìdin stonefly tó ní ìrù méjì, àti edé Gammarus. Ẹni tó bá rí 1 sí 9 nínú ẹ̀yà kan kọ máàkì 1. 10 sí 99 jẹ́ máàkì 2. 100 sí 999 jẹ́ 3. 1,000 sókè jẹ́ 4. A ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Bí ìkó kan lókè odò bá ní Gammarus 420, Baetidae 160, blue-winged olive 35, caddis onílé 60, caddis aláìnílé 14 àti Ephemera 3, máàkì rẹ̀ jẹ́ 3, 3, 2, 2, 2 àti 1, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13. Bí ìkó ìsàlẹ̀ bá ní Baetidae 4 àti caddis onílé 2 nìkan, 2 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ojú ibi kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke tí Environment Agency fọwọ́ sí; bí àpapọ̀ bá já wálẹ̀ ju gbèdéke náà, ẹ tún kó o lẹ́ẹ̀kejì láti rí i dájú, kí ẹ sì pe àjọ náà.

Ètò àtijọ́ tí ń jẹ́ BMWP ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10: ekòló omi gba 1, ìdin chironomid (kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn) gba 2, Baetidae gba 4, Gammarus gba 6, Ephemera gba 10. Ìdọ̀tí bíi omi ẹ̀gbin, tó ń jẹ ọ́síjìn inú omi tán, ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ májèlé kẹ́míkà lè rú u lójú, nítorí pé ẹyọ Ephemera kan tó yọ nínú ikú ṣì ń gba 10 kan náà tí ọgọ́rùn-ún ń gbà. Fún ìdí yìí, iye ẹ̀dá gan-an ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti kọ sílẹ̀, kì í ṣe máàkì nìkan. Àwọn onímọ̀ Jámánì ti gbé òmíràn tí ń jẹ́ SPEAR jáde ní 2005, tó ń wo ìdá àwọn ẹ̀dá tí oògùn oko tètè ń pa, ó sì bá irú ọ̀rọ̀ Kennet mu jù.

Ní odò Ọ̀ṣun tàbí odò Ògùn, àwọ̀n àti ìṣẹ́jú mẹ́ta kò yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ẹ̀dá yí padà. Gammarus kì í ṣe ẹ̀dá odò wa. Máàkì tí wọ́n ṣe fún odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé gbé kalẹ̀ níbẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. SASS, ètò máàkì tí wọ́n ṣe fún odò Gúúsù Áfíríkà, sún mọ́ wa jù, síbẹ̀ òun náà nílò àtúnṣe. Èyí tó ṣeé gbára lé jù ni fífi òkè odò wé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ̀rùn ni kí ẹ sì fi wé ẹ̀rùn, nítorí ọ̀gbàrá ìgbà òjò nìkan tó láti gbá ìdin lọ. Ọ̀rọ̀ chlorpyrifos kò sì jìnnà sí wa: àwọn àgbẹ̀ wa ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí NAFDAC tó fi 1 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ṣe gbèdéke fún fífi òfin dè é.

Ta ló kú, ta ló ṣẹ́kù?

Ìbéèrè yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà, nítorí májèlé kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń mú. Ẹ tẹ́ orúkọ gbogbo ẹ̀yà sílẹ̀, kí ẹ kọ iye ti òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá wò ó.

Bí edé, ìdin mayfly, stonefly àti gbogbo ohun ẹlẹ́sẹ̀ oríkèé bá pa rẹ́, tí ìṣáwùrú, eṣúṣú àti ekòló omi sì wà níbẹ̀ ní iye tó sún mọ́ ti òkè, oògùn apakòkòrò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Chlorpyrifos ń dá iṣẹ́ èròjà ara tí ń jẹ́ acetylcholinesterase dúró, èyí tó ń pa àṣẹ iṣan rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti jíṣẹ́, ìwọ̀n tó kéré gidi sì tó láti pa àwọn ẹlẹ́sẹ̀ oríkèé, nígbà tí ìṣáwùrú lè fara da á.

Bí ó bá jẹ́ stonefly àti mayfly ló lọ, ṣùgbọ́n tí ekòló omi àti ìdin chironomid pupa ń pọ̀ sí i, ọ́síjìn ló dín kù, omi ẹ̀gbin tàbí ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn ni kí ẹ wá. Ẹ̀jẹ̀ pupa ìdin yìí ló ń jẹ́ kó lè gbé níbi tí afẹ́fẹ́ bá ṣọ̀wọ́n. Bí ìṣáwùrú, edé àti mayfly pẹlẹbẹ bá jùmọ̀ lọ, tí caddis àti chironomid sì dúró, ẹ ronú kan kọ́pà tàbí irin mìíràn bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá lọ pátá, títí kan ekòló, ó lè jẹ́ ásíìdì tàbí kẹ́míkà tó pọ̀ jọjọ. Àpẹẹrẹ wọ̀nyí kì í dá ẹjọ́ fúnra wọn. Wọ́n ń sọ fún ilé àyẹ̀wò ohun tí wọn yóò wá, èyí tó máa ń dín owó àti àkókò kù gidigidi.

Ẹ tún rántí ìgbà ọdún kí ẹ tó pariwo. Ephemera ńlá máa ń hù ìyẹ́, tó sì máa ń fò jáde kúrò nínú omi, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, nítorí náà bí ìdin ńlá rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n ní oṣù keje, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fò lọ. Blue-winged olive pẹ̀lú máa ń wà ní ẹyin nígbà òtútù. Gammarus ní tirẹ̀ kò ní ìyẹ́, inú omi ló wà láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Bí ó bá sọnù, kò sí àwíjàre kankan fún un.

Pípadà síbẹ̀

Ẹ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù fún ọdún kan, kí ẹ sì tún lọ ní oṣù kan náà tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀ fún ọdún kejì, ó kéré tán. Ojú ibi kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, àti ẹni kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ máa wo ewé àti èéhù aláwọ̀ ewé lórí òkúta pẹ̀lú, nítorí pé bí àwọn tó ń jẹ ẹ́ bá ti kú, ó máa ń bo ilẹ̀ odò.

Bí wọ́n ṣe ń padà wá kò dọ́gba. Chironomid àti Baetis (ọ̀kan nínú ìdílé Baetidae), tí ìran wọn ju ẹyọ kan lọ lọ́dún, tí àgbà wọn sì ń fò wá yé ẹyin láti ibòmíràn, ló máa ń kọ́kọ́ dé, àwọn mìíràn a sì máa bá omi ṣàn wá láti òkè odò tí májèlé kò dé. Ephemera máa ń lo nǹkan bí ọdún méjì nínú omi kó tó dàgbà, nítorí náà ìran tó kú lẹ́ẹ̀kan lè má hàn bí àdánù títí ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n fò jáde. Gammarus gbọ́dọ̀ rìn tàbí kí omi gbé e wá, ibi tó jìnnà sí òkè odò ni yóò sì dé kẹ́yìn. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé odò ti sàn nítorí pé àwọ̀n ti kún fún Baetis. Ẹ dúró títí tí Gammarus ní ojú ibi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò fi tó ti òkè, tí àgbà àti ọmọ rẹ̀ yóò sì jọ wà nínú ìkó kan náà.